Òfin tuntun D&D ti pín tábìlì wa sí méjì: ṣé ká yí padà láàrin ìtàn?

Atọ́kùn Ìpakodò:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin eléré. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni atọ́kùn, ẹni tó ń sọ ìtàn tó sì ń darí eré, fún D&D (Dungeons & Dragons, eré tí kálukú ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń pinnu bí nǹkan ṣe lọ) tí a máa ń ṣe ní pálọ̀ ilé wa ní Ìpakodò, kò jìnnà sí èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń ṣeré, àfi tó bá bọ́ sí ọjọ́ Màgbó tí àwọn obìnrin inú wa ò lè jáde. Eléré mẹ́rin ni wọ́n. Bùọ̀dá télọ̀ kan láti Sábó ló ń ṣe Paladin, jagunjagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́ mímọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH kan ń ṣe Rogue, ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ báni jà. Àǹtí nọ́ọ̀sì ń ṣe Cleric, àlùfáà tó ń wo èèyàn sàn. Ẹnì kẹrin tó ń bá àwọn oníṣòwò gbẹ́rù jáde ní Àpápá ló ń ṣe Wizard, ìyẹn oṣó. Òun ló máa ń pẹ́ jù, torí ó di ìgbà tí Mile 12 bá yọ̀ǹda ẹ̀ ká tó rí i.

Ìtàn kan náà la ti ń bá bọ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Èmi ni mo hun ún: ìlú kan létí ọ̀sà tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pòórá lóru, àti ọba omi kan tó jókòó sí ìsàlẹ̀ tí gbogbo ọ̀ràn náà ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn akọni wa ti dé ìpele keje báyìí. Òfin tó jáde ní 2014 la fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo ní ìwé tó ṣeé fọwọ́ kàn, Player's Handbook (ìwé òfin eléré) kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú bọ̀ láti London. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, sẹ́lótéèpù ni mo fi dì í. Àwọn yòókù, SRD 5.1, àkójọ òfin eré náà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n ń kà lórí fóònù.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa wọlé pẹ̀lú SRD 5.2, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 láti inú òfin 2024. Ó ti kà á nínú BRT, ó ti fi àwọ̀ sàmì sí gbogbo ibi tó dùn mọ́ ọn. Ó ní lábẹ́ òfin tuntun, bí òun bá fi shortsword ṣá ọ̀tá tó sì pa á lára, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Vex: tí òun bá tún kọjú sí ọ̀tá yẹn, dáìsì olójú ogún méjì lòun máa jù, òun á sì mú èyí tó ga. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe Rogue rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún Sneak Attack, ìpalára àfikún tí Rogue ń ṣe nígbà tó bá ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ wo Cure Wounds, ọfọ̀ ìwòsàn: dáìsì olójú mẹ́jọ méjì dípò ẹyọ kan. Ó tún rí i pé kéèyàn mu àgbo ìwòsàn kì í jẹ action (ohun gidi kan tí o lè ṣe nígbà tó bá kàn ọ́) mọ́, bonus action (èyí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀) ni. Ó ní, "Ṣé ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni?" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ti fẹ́ máa lò ó.

Bùọ̀dá télọ̀ wá ní kí wọ́n wo Paladin fún òun.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá ṣe Paladin rí. Nínú òfin 2014, bí o bá ṣá ọ̀tá tó sì bà á, o lè da Divine Smite lé e lórí níbẹ̀, kí o ná spell slot kan (agbára ọfọ̀ tó níye lóòjọ́), kí o sì fi, ó kéré tán, dáìsì olójú mẹ́jọ méjì kún ìpalára rẹ̀. Láti ìpele karùn-ún lo ti ń ṣá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó bá kàn ọ́, o sì lè dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nínú òfin 2024, wọ́n ti sọ ọ́ di ọfọ̀. Bonus action ló ń jẹ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni tó bá kàn ọ́. Ó tún wá jẹ́ pé, níwọ̀n ìgbà tó ti di ọfọ̀, oṣó tó bá ní Counterspell lè pa á mọ́ ọ lẹ́nu.

Bùọ̀dá télọ̀ kà á títí, ó dá fóònù padà, ó ní, "Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́?" Kò pẹ́ ló dìde, kò dúró jẹ ẹ̀wà àgányìn tí a rà.

Ibi tá a dúró sí nìyẹn. Ẹni méjì ń fẹ́ tuntun, ẹnì kan ò fẹ́, Wizard ní èyíkéyìí tá a bá mú, òun á wá. Ohun tí kò yé mi gan-an ni ìbínú náà. Ní òkè òkun, mo mọ̀ pé owó wà nínú ìjà yìí: Player's Handbook tuntun, dọ́là 49.99 ni, ẹni tó bá sì fẹ́ ìwé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á san ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan. Òfin àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́, tuntun náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kódà wọn ò lè gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa: ní oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ni D&D, fẹ́ yí OGL, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì lo òfin eré náà, padà tí àwọn eléré sì fárígá, ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni pé wọ́n fi SRD 5.1 sábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ tí wọn ò lè fà padà mọ́. Ta ló wá fọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣé láàrin ìtàn lẹ yí padà, àbí ẹ dúró kó parí? Ṣé ẹnikẹ́ni ti da méjèèjì pọ̀ rí?


Àgbà 3.5 (Ìgbógbó):

Àbúrò, kú iṣẹ́ atọ́kùn. Ìjà yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ.

Ní ọdún 2000 tí ẹ̀dà kẹta D&D jáde, àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́, torí pé nínú ẹ̀dà kejì, bí AC rẹ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìhámọ́ra rẹ ṣe ń le sí i, THAC0 lo sì máa fi ṣírò bóyá o bà á. Ẹ̀dà kẹta dorí rẹ̀ kodò: kí nọ́ńbà ga ló dára, ó tán. Àwọn tó ti há THAC0 sórí láti 1989 ní eré ọmọdé ni. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 2003, wọ́n gbé 3.5 jáde, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé mẹ́ta fi igbe ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 3.5 yẹn ni mo ń ṣe títí dòní. SRD rẹ̀ ni mo tẹ̀ ní ibi ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá Benson, tí wọ́n fi wáyà dì í fún mi. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń di alágídí.

Ti 2008 ló le jù. Ẹ̀dà kẹrin fún gbogbo class (irú akọni) ní agbára lọ́nà kan náà, èyí tí o lè lò nígbàkigbà, èyí tí o lè lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Fighter àti Wizard wá ń jọ ara wọn lójú ìwé. Wọ́n ní géèmù kọ̀ǹpútà ni. Paizo, tó ti ń bá Wizards tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon títí di 2007, wá mú òfin 3.5, wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní Pathfinder ní 2009. OGL tí Wizards fúnra wọn gbé kalẹ̀ ní 2000 ló fún wọn láǹfààní náà. Ọ̀pọ̀ tábìlì kó ẹrù tẹ̀ lé wọn. Lónìí ńkọ́? Àwọn tó bú ẹ̀dà kẹrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yá minion rẹ̀ lò, àwọn ẹbọra tí ẹ̀mí wọn kì í ju ẹyọ kan lọ tí o lè kó ogún jọ nínú ìjà kan. Mo rí yín o.

(Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà kejì, wọ́n yọ orúkọ demon àti devil kúrò nítorí ariwo àwọn òbí àti oníṣọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà, ó yá ni wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú orúkọ tanar'ri àti baatezu. Ìyá mi tó ti da òróró sórí dáìsì mi rí ì bá fẹ́ràn ẹ̀dà kejì gan-an.)

Ẹ̀yin bi wá pé ta ló fọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àpò ló ń dùn ún. Télọ̀ yín ti mọ ìgbà tó yẹ kó fi slot pamọ́ àti ìgbà tó yẹ kó ná an, kò nílò kó wo ìwé. Ìyẹn pẹ́ kó tó dé ara. Ọjọ́ tí òfin bá yí padà, òun àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá ti dọ́gba, akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé nínú BRT sì ti di ọ̀gá rẹ̀. Ẹ parí ìtàn yín kí ẹ tó yí nǹkan kan padà.


Ọmọ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún yín. Èmi náà ń ṣe atọ́kùn, obìnrin ni mí, a sì yí padà láàrin ìtàn. Kò sẹ́ni tó kú.

Bá a ṣe ṣe é nìyí. Kálukú tún akọni tirẹ̀ kọ nílé, a yẹ̀ ẹ́ wò lórí WhatsApp kí a tó pàdé. Àwọn ẹbọra tí mo ti kọ sílẹ̀ láti inú ìwé 2014, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, torí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló sọ pé ìtàn àtijọ́ ṣeé fi òfin tuntun ṣe. Ó sì ṣeé ṣe lóòótọ́.

Ibi tó ti lè dojú rú ni kí ẹ ṣọ́. Àkọ́kọ́: nínú òfin 2014, ẹ̀yà tí akọni rẹ ti wá, elf tàbí dwarf, ni ó ń fún un ní àfikún Strength (agbára ara) àti ìyókù. Nínú ti 2024, background (ohun tí akọni ń ṣe kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀) ni àfikún náà ti ń wá. Ẹni tó bá fi ẹ̀yà àtijọ́ pọ̀ mọ́ background tuntun á gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tábìlì mi gbìyànjú ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ó mọ̀. Èkejì: ìjà máa gùn sí i. Fighter wa mú ohun ìjà tó ní Topple, nígbàkigbà tó bá ti ba ẹnì kan, èmi ni mo gbọ́dọ̀ ju dáìsì bóyá onítọ̀hún ṣubú tàbí kò ṣubú. Nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹ́ olè jà lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ̀kẹta: bíbá ọ̀tá lójijì kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ẹ bá bá lójijì kò ní lè ṣe ohunkóhun nígbà tó bá kọ́kọ́ kàn án. Báyìí, ó kàn máa ju dáìsì initiative rẹ̀ (èyí tó ń sọ ta ló kọ́kọ́ kàn) pẹ̀lú disadvantage (dáìsì méjì, kó mú èyí tó kéré) ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń fi ibùba jẹun, kó má ṣe yára dunnú jù.

Ọ̀rọ̀ pé kò sẹ́ni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka SRD. Àwa tá a ń kọ akọni wa sórí D&D Beyond (ìkànnì Wizards) rí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Wọ́n kéde pé àwọn ọfọ̀ àti ohun èlò idán tó wà lójú ìwé akọni wa máa di ti 2024, a fẹ́, a kọ̀. Àwọn eléré pariwo, láàrin ọjọ́ díẹ̀ wọ́n yí ohùn padà. Nítorí náà mi ò ní sọ pé ẹni tó ń bínú ń ṣe àṣejù.

Àmọ́ ẹ gbọ́, Atọ́kùn: ṣé wọ́n ka gbogbo Paladin fún télọ̀ yín? Lay on Hands ti di bonus action, ó lè ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì kó tún wo èèyàn sàn. Láti ìpele karùn-ún, Find Steed, ọfọ̀ tó ń pe ẹṣin, máa wà ní sẹpẹ́ fún un nígbà gbogbo, ó sì lè pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ láìná slot. Àbí ibi tó máa dùn ún nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kà?


Cthulhu Agric:

Ẹ kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ wa ní Call of Cthulhu, eré ẹ̀rù tí ọpọlọ akọni ti ń dàrú. Láti 1981 ni, ẹ̀dà keje jáde ní 2014, ohun tó sì ga jù tí wọ́n yí ni pé wọ́n fi márùn-ún sọ Strength àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ di púpọ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ àpọ́n, mo lè ṣe é lálẹ́ òní. Kò sí Paladin lọ́dọ̀ wa tó máa bínú. Orí gbogbo yín lá dàrú kẹ́yìn.


Télọ̀ Sábó:

Èmi ni télọ̀ náà. Ẹ ṣeun o, ẹ ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ mi.

Kí n kọ́kọ́ tún èyí ṣe: kì í ṣe ìbínú ló lé mi kúrò nídìí ẹ̀wà. Aṣọ ẹbí àwọn kan wà lọ́rùn mi, ìyàwó ọ̀sìngín ti ń pè mí láti aago márùn-ún. Atọ́kùn mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí ìtàn dùn ni, iṣẹ́ ẹ̀ sì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo bínú, mi ò parọ́. Ẹ rò ó báyìí. Ẹ jókòó sídìí Wọ́ọ̀tì. Kí ẹ tó pín káàdì, gbogbo yín ti gbà pé ẹni tí wọ́n bá ní kó mú méjì lè fi méjì tirẹ̀ dáhùn. Èmi ti di méjì méjì mú, mò ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Ọmọdé kan wá wọlé, ó ní ní àdúgbò tí òun ti ń bọ̀, wọn kì í dáhùn mọ́, kéèyàn kàn máa mú ni. Òótọ́ lè wà lẹ́nu ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta á ní àdúgbò yẹn tiẹ̀ lè dára jù. Àmọ́ káàdì ti wà lọ́wọ́ mi!

Láti ìgbà tí ọba omi yẹn ti gbé arákùnrin akọni mi lọ ni mo ti búra, ẹ ka Oath of Devotion. Gbogbo ìjà tá a jà lẹ́yìn náà, mò ń ṣírò ọjọ́ tí màá dé iwájú ẹ̀: ìṣá méjì, smite méjì, slot mi pé. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ná slot sórí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ní odò yẹn, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí àǹtí nọ́ọ̀sì ń bú mi. Ẹ wá ní kí n ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìtàn tó bá kàn, ẹ fi òfin tó bá wù yín bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo lè má tiẹ̀ ṣe Paladin mọ́. Ti àgbo mímu yẹn, mo fara mọ́ ọn, ó yẹ kó ti wà tipẹ́.

Àmọ́ ẹṣin wo ni obìnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn ń sọ? Kò sẹ́ni tó ka ẹṣin fún mi.


Atọ́kùn Ìpakodò:

Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹṣin, ó ní òun rò pé ẹ ti mọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ background, torí ohun tí Wizard wa fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, òun tó ní kò kan òun. Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbó, mo gbọ́ tiyín náà. Mi ò rò ó débẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ á wá di ọ̀gá, àmọ́ ní báyìí tí ẹ ti sọ ọ́, mo rántí bó ṣe di fóònù yẹn mú.

Ohun tá a máa ṣe rèé. Títí ọba omi á fi ṣubú (tàbí tí ẹ̀yin á fi ṣubú), òfin 2014 ni. Mo yá àgbo mímu àti Cure Wounds ti 2024 wọlé, torí wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀bẹ̀ fún Vex títí, mo fún un, lórí ẹyọ idà kan ṣoṣo. Nítorí pé mo fún un, bùọ̀dá télọ̀ gba ẹṣin tòun ti smite rẹ̀ méjèèjì bó ṣe wà. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o: ọba omi náà gbọ́, màá fi kún ẹ̀mí tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin 2024 la máa fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun láti ìpele kìíní, gbogbo wa á jọ kọ́ ọ, kò ní sí ẹni tó kọ́kọ́ ka ìwé nínú BRT.


Télọ̀ Sábó:

Mo fara mọ́ ọn. Ìbéèrè kan ló kù. Orí ọ̀sà la wà láti bí oṣù kan. Ẹṣin yẹn, ṣé ó lè wọ ọkọ̀?


Atọ́kùn Ìpakodò:

Mo ti wò ó. Bí ẹ bá fi slot ìpele kẹrin pè é, ó máa ń fò. Ṣùgbọ́n ìpele kẹtàlá ni Paladin tó ń ní slot ìpele kẹrin, ẹ̀yin ṣì wà ní keje. Ẹ jẹ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ná. Sátidé, aago mẹ́rin. Ẹ bá mi mú pẹ́ńsù dání, ti ilé wa ti tán.